Bí Iṣẹ́ Tí Ẹ Fi Sórí Google Classroom Ṣe Máa Dé Ọ̀dọ̀ Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Yín

"Sà, mi ò rí i." "Mà, fóònù mi ò dún." "Anti, mo ti ṣe é, mo rò pé ó ti wọlé." Tíṣà tó bá ń lo Google Classroom, áàpù tí a fi ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní iṣẹ́ àti ìkéde lórí fóònù, ní Ìkòròdú yìí, tí kò tíì gbọ́ ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rí, kó wá kọ́ àwa yòókù ní tiẹ̀. Ohun tó máa ń yá wa lára ni ká sọ pé ọ̀lẹ làwọn ọmọ. Àwọn kan ya ọ̀lẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀dọ̀ àwa olùkọ́ lọ̀rọ̀ ti ń há. A ó kọ iṣẹ́ síbi ìkéde. A ó dá ọmọ kan lóhùn níbi tí gbogbo kíláàsì ti ń wò. A ó fi iṣẹ́ ránṣẹ́ ní aago méjì ọ̀sán, nígbà tí fóònù kan ṣoṣo tó wà nílé ṣì wà nínú báàgì ìyá ọmọ ní ọjà Mile 12.

Olùkọ́ tó ní fóònù Android lásán, tí kò ní kọ̀ǹpútà, ni mo ń bá sọ̀rọ̀ níbí. Orúkọ bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan, mo fi í sílẹ̀ bí ẹ ó ṣe rí i lójú fóònù.

OHUN TÍ Ẹ Ó KÓ JỌ KÍ Ẹ TÓ BẸ̀RẸ̀

Àkáǹtì Google ni àkọ́kọ́, oríṣi méjì ló sì wà. Ọ̀kan ni èyí tí ilé-ìwé ń ṣe fún olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ lábẹ́ Google Workspace for Education. Ilé-ìwé ló ń forúkọ sílẹ̀ fún un, èyí tí wọ́n ń pè ní Fundamentals nínú rẹ̀ kò sì ná ilé-ìwé ní kọ́bọ̀. Èkejì ni Gmail tara yín. Gmail tara yín á ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kíláàsì tí ẹ bá fi dá sílẹ̀ kò lè gbà ju èèyàn 250 lọ, tíṣà àti akẹ́kọ̀ọ́ lápapọ̀, Classroom kò sì ní máa fi ìròyìn ọmọ ránṣẹ́ sí òbí fúnra rẹ̀. Bí pírínsípà yín bá jẹ́ ẹni tó ń gbọ́ràn, ẹ bá a sọ ọ́ kí ilé-ìwé forúkọ sílẹ̀.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń kọ́ JSS1 kì í fẹ́ gbọ́. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13 kò lè dá ṣí àkáǹtì Google fúnra rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ẹ̀gbọ́n á ní kó pa ọjọ́ orí dà, ó tán. Ẹ má ṣe gba ọmọ nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Àkáǹtì tí ilé-ìwé ṣe fún un ló yẹ ẹ́, tí kò bá sì sí, ẹ jẹ́ kí òbí rẹ̀ mọ̀ kí ẹ jọ wá ọ̀nà tó tọ́.

Lẹ́yìn àkáǹtì, ẹ tún nílò nǹkan wọ̀nyí:

- Àkáǹtì kejì tí ẹ ó fi máa ṣe akẹ́kọ̀ọ́. Gmail mìíràn tó bá jẹ́ tiyín ti tó. Tó bá jẹ́ àkáǹtì ilé-ìwé lẹ ń lò, ẹ bèèrè àkáǹtì akẹ́kọ̀ọ́ kan lọ́wọ́ ẹni tó ń bójú tó o, torí kíláàsì ilé-ìwé kì í sábà gba Gmail ìta wọlé. Ẹ má fojú kéré èyí. Òun la ó fi yẹ iṣẹ́ wa wò látòkè délẹ̀.
- Réjísítà kíláàsì, kí ẹ sì kọ ohun méjì kún orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan: ta ló ni fóònù tó ń lò, àti aago mélòó ni fóònù náà máa ń wà nílé.
- Áàpù Google Classroom láti Play Store, pẹ̀lú dátà. *323# á sọ iye dátà tó kù fún yín, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì yòówù kí ẹ máa lò.
- Fóònù tó ti gba iná. Ìtòsí wa níbí ni iléeṣẹ́ mànàmáná Ẹ̀gbin wà, wọ́n kọ́ ọ láti pèsè mẹ́gáwáàtì 1,320, síbẹ̀ inú òkùnkùn lẹ lè wà níbi tí ẹ ti ń ka èyí. Nígbà tí iná bá wà ni kí ẹ ti kọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ sílẹ̀.

ÌGBÉSẸ̀ 1: Ẹ DÁ KÍLÁÀSÌ SÍLẸ̀

Ẹ ṣí áàpù, ẹ tẹ àmì + nísàlẹ̀, ẹ yan Create class. Tó bá jẹ́ Gmail tara yín lẹ lò, Classroom á kọ́kọ́ bi yín bóyá ilé-ìwé lẹ fẹ́ lò ó fún. Ẹ kà á kí ẹ tó fi máàkì sí i.

"Biology" lásán kò tó lórúkọ. Ọmọ kan lè ní kíláàsì mẹ́sàn-án lórí fóònù kan, kí àbúrò rẹ̀ tún ní mẹ́jọ lórí fóònù yẹn kan náà. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "SS2B Biology, Sáà Kejì".

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: bí ẹ bá wọ kíláàsì náà, ẹ gbọ́dọ̀ rí Stream (ibi ìkéde), Classwork (ibi iṣẹ́) àti People (orúkọ àwọn tó wà nínú kíláàsì) nísàlẹ̀ ojú fóònù. Bí ẹ bá rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ti dúró.

ÌGBÉSẸ̀ 2: Ẹ TÚN SETTINGS ṢE KÍ ỌMỌ KANKAN TÓ WỌLÉ

Àmì Settings wà lókè lápá ọ̀tún. Bí ẹ kò bá rí ohun tí mo ń sọ lórí áàpù, ẹ ṣí classroom.google.com nínú Chrome, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀.

Ohun méjì péré ni ká fọwọ́ kàn. Àkọ́kọ́ ni ẹni tó lè sọ̀rọ̀ lórí Stream. Bí Classroom ṣe ń bá a wá ni Students can post and comment, ìyẹn ni pé ọmọ kọ̀ọ̀kan lè gbé ọ̀rọ̀ tirẹ̀ síta. Pẹ̀lú ogójì ọmọ SS2, kí ọ̀sẹ̀ kan tó parí, ìkéde yín á ti rì sábẹ́ "happy birthday" àti àwòrán bọ́ọ̀lù. Students can only comment ni mo fara mọ́. Àwọn tíṣà kan máa ń ti ẹnu gbogbo ọmọ pa pẹ̀lú Only teachers can post or comment. Fún JSS1, mo lè gbà. Fún àwọn àgbà, ẹ ń sé ọ̀nà tí ẹ ó fi mọ̀ pé wọ́n gbọ́ yín ni.

Ìkejì ni Classwork on the stream. Ẹ má yan Hide notifications. Ọ̀pọ̀ ọmọ kì í wò ju Stream lọ, tí iṣẹ́ tuntun kò bá sì fara hàn níbẹ̀ rárá, lójú tiwọn, kò sí iṣẹ́. Show condensed notifications ló dáa jù: ó ń fi orúkọ iṣẹ́ hàn, kò sì gba gbogbo ojú fóònù.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ jáde pátápátá, ẹ padà wọlé, kí ẹ rí i pé ohun tí ẹ yàn ṣì wà bẹ́ẹ̀. Lórí Chrome, ẹni tí kò bá tẹ Save kò tíì yan nǹkan kan.

ÌGBÉSẸ̀ 3: Ẹ KÓ ÀWỌN ỌMỌ WỌLÉ

Ibí yìí ni nǹkan ti máa ń dàrú jù, ẹ fara balẹ̀ níbẹ̀.

Kíláàsì kọ̀ọ̀kan ní Class code, lẹ́tà àti nọ́ńbà tí kò ní àlàfo láàárín. Ọmọ á tẹ + lórí áàpù tirẹ̀, á yan Join class, á kọ kóòdù náà síbẹ̀. Bí ẹ bá fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sójú pátákó, àwọn tó wà lẹ́yìn á ka lẹ́tà l sí 1, wọ́n á ka o sí 0, wọ́n á wá ní "kò gbà". Ó sàn kí ẹ da ìlínkì ìkésíni tó wà nínú Settings kọ sínú ẹgbẹ́ WhatsApp àwọn òbí. Ìlínkì kò ṣe é ṣì kọ.

Àmọ́, ẹ má gbé kóòdù tàbí ìlínkì sí status yín tàbí sórí Facebook. Ẹni tó bá ti rí i lè gbìyànjú láti wọlé. Tó bá ti jáde, ẹ yí i padà nínú Settings pẹ̀lú Reset. Èyí tó wà tẹ́lẹ̀ kò ní ṣiṣẹ́ mọ́, àwọn tó ti wọlé kò sì ní jáde.

Ẹ wá ṣí People. Nínú orúkọ àwọn ọmọ ni ẹ ó ti rí "Ìyá Ìbejì Fabrics", ẹ ó rí "God Is Able Ventures" pẹ̀lú àwòrán ankara mítà mẹ́fà, ẹ ó sì rí ọmọ kan tó wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Àkáǹtì ìyá wọn tó ti wà lórí fóònù ni wọ́n fi wọlé. Orúkọ tó bá wà lórí àkáǹtì ni Classroom máa ń gbé jáde, olùkọ́ kò sì lè yí i padà. Ẹ má sọ pé kò burú. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ gba máàkì sílẹ̀, ẹ ò ní mọ ọmọ ta ni Fabrics, gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ bá sì bá ọmọ sọ á máa wọ inú ímeèlì oníbàárà ìyá rẹ̀.

Bí a ṣe ń tún un ṣe nìyí:

1. Lórí fóònù ìyá, ọmọ á ṣí áàpù Classroom, á tẹ àwòrán tàbí lẹ́tà tó wà lókè lápá ọ̀tún.
2. Á yan Add another account, á fi Gmail tirẹ̀ tàbí àkáǹtì tí ilé-ìwé fún un wọlé. Ti ìyá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, kò sí ohun tó ṣe é.
3. Á yí sí àkáǹtì tirẹ̀ kó tó tẹ Join class. Àìṣe èyí ló ń bí orúkọ ẹlẹ́ẹ̀mejì.
4. Ẹ̀yin náà á padà sí People, ẹ ó yọ àkáǹtì ìyá kúrò pẹ̀lú Remove.

Ẹ sọ fún ọmọ pé kó máa wo àwòrán òkè yẹn kó tó kọ ohunkóhun, torí bí ìyá rẹ̀ bá ti lo fóònù, ó lè ti padà sórí àkáǹtì tiẹ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ lọ sí Classwork, ẹ tẹ +, ẹ yan Question, ẹ kọ ọ́ pé: "Kọ orúkọ rẹ bó ṣe wà nínú réjísítà, àti ẹni tó ni fóònù tí o ń lò." Ẹ yan Short answer, kí ẹ sì pa Students can reply to each other kí wọ́n má baà máa ka ìdáhùn ara wọn. Ẹ fi ìdáhùn wé réjísítà. Ẹni tí kò bá dáhùn, yálà kò tíì wọlé tàbí kò mọ bí a ṣe ń dáhùn, òun lẹ ó sì wá rí ní ojúkojú ní ilé-ìwé.

Àkáǹtì kejì yín náà gbọ́dọ̀ wọlé báyìí bí akẹ́kọ̀ọ́.

ÌGBÉSẸ̀ 4: Ẹ JẸ́ KÍ FÓÒNÙ WỌN MÁA DÚN

Ọmọ lè wà nínú kíláàsì kí fóònù má dún rárá. Ibi mẹ́ta ló ti lè há. Nínú áàpù, lábẹ́ àmì ìlà mẹ́ta lókè lápá òsì, Settings wà, Notifications wà nínú rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ wà ní títàn. Nínú Settings fóònù fúnra rẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ ti gba Classroom láyè láti fi ìkéde hàn. Ẹ̀kẹta ló ń tan ọ̀pọ̀ jẹ: Power saver àti Data saver. Wọ́n máa ń pa áàpù tó wà lẹ́yìn kí bátìrì tàbí dátà lè pẹ́, Classroom á sì sùn títí ọmọ á fi ṣí i fúnra rẹ̀. Ilé tí iná ti ń ṣe ségesège, kò sẹ́ni tó máa fẹ́ pa Power saver, èmi náà ò sì ní ní kí wọ́n pa á. Ẹ bá àwọn ọmọ fi àkókò kan sí i dípò rẹ̀: kí wọ́n máa ṣí áàpù lẹ́ẹ̀kan lálẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ, yálà ó dún tàbí kò dún.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ gbé ìkéde kúkúrú jáde lálẹ́ ọjọ́ kan, "Kọ 'mo ti rí i' sábẹ́ èyí." Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ ka àwọn tó dáhùn. Ẹ má dárúkọ àwọn tí kò dáhùn lórí Stream. Ẹ pè wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní ilé-ìwé kí ẹ wo fóònù náà tàbí kí ẹ bá òbí wọn sọ̀rọ̀.

ÌGBÉSẸ̀ 5: Ẹ KỌ ÌKÉDE TÍ ỌMỌ LÈ FI ṢIṢẸ́

Stream jẹ́ ibi ìkéde. Iṣẹ́ kò sí níbẹ̀, máàkì kò sí níbẹ̀. Ohun tó kan gbogbo kíláàsì ni kí ẹ kọ síbẹ̀: àyípadà, ìrántí, ohun tí wọ́n máa mú wá.

Irú ìkéde tí a máa ń kọ rèé:

"Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi dáadáa. Mo gbà pé gbogbo wa wà ní àlàáfíà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbìyànjú láti ṣe iṣẹ́ tí mo fún yín, kí ẹ sì tètè fi í ránṣẹ́. Ẹ ṣeun."

Iṣẹ́ wo? Tètè, títí di ìgbà wo? Ránṣẹ́ síbo? Ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nìkan ni ìkéde máa ń fi hàn lójú fóònù tí wọn kò tíì ṣí. Ohun tí ọmọ máa rí kò ju "Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi dáadáa. Mo gbà pé" lọ. Ó ti kí yín lọ́kàn rẹ̀, ó ti gbé fóònù sílẹ̀. Mo mọ̀ pé Yorùbá kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láìkíni, ìyá mi ì bá bá mi wí lórí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ṣùgbọ́n ẹ gbé ìkíni lọ sí ìparí.

Ẹ kọ ọ́ báyìí:

"SS2B, iṣẹ́ lórí ẹ̀jẹ̀ di aago 10 alẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ó wà ní Classwork, lábẹ́ Ọ̀sẹ̀ 4. Dáhùn ìbéèrè 1 sí 3 sínú ìwé rẹ, ya fọ́tò ojú ìwé náà, tẹ Turn in. Bí ohun kan kò bá yé ọ, kọ ọ́ sínú 'Bá tíṣà sọ ọ́'. Ó dàárọ̀ o, ẹ kí wọn nílé."

Ta ló kàn, kí ni, ìgbà wo, ibo, ọ̀dọ̀ ta ni wọ́n ti lè bèèrè. Ẹ ka ìkéde yín padà kí ẹ tó tẹ Post; èyí tó bá ṣaláìsí nínú márùn-ún yìí, òun ni wọ́n máa pè yín lé lórí lóru. (Ẹ ó rí ohun tí "Bá tíṣà sọ ọ́" jẹ́ níwájú.)

Ní ti àkókò, àwọn òbí tó ń ti Ìkòròdú lọ sí Mile 12 tàbí tó ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Èkó máa ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́. Fóònù bá wọn lọ. Ẹ wo réjísítà tí ẹ kọ àkókò sí: tó bá jẹ́ aago mẹ́jọ alẹ́ ni fóònù tó pọ̀ jù ń wọlé, aago mẹ́jọ ààbọ̀ ni kí ìkéde jáde. Ẹ kò ní láti dúró tì í. Ẹ kọ ọ́ nígbà tí ààyè bá gbà yín, ẹ wá Schedule lẹ́gbẹ̀ẹ́ Post, ẹ yan ọjọ́ àti aago.

Bí ọ̀rọ̀ bá kan ọmọ díẹ̀ péré, bí àwọn tó máa ṣojú kíláàsì nínú ìdíje, ẹ tẹ All students, kí ẹ yan orúkọ wọn nìkan. Àwọn yòókù kò ní rí i.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ wọ àkáǹtì kejì, láìṣí ìkéde náà, kí ẹ ka ohun tó hàn lójú fóònù. Ṣé ó sọ iṣẹ́ àti ọjọ́ fún yín? Bí kò bá sọ ọ́, ẹ tún ìlà àkọ́kọ́ kọ.

ÌGBÉSẸ̀ 6: IṢẸ́ WÀ NÍ CLASSWORK

Ẹ kọ́kọ́ ṣe Topic, ìyẹn àkọlé tí iṣẹ́ máa wà lábẹ́ rẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, + tún ni, Assignment. Ẹ kọ orúkọ iṣẹ́, ìtọ́sọ́nà, máàkì àti ọjọ́. Bí ẹ bá yan ọjọ́ láìyan aago, Classroom á fi í sí 11:59 PM. Fún ilé tí fóònù ń pẹ́ wọlé, ìyẹn kò burú.

Ẹ ṣọ́ra fún nǹkan méjì. Bí ẹ bá so fáìlì Google Docs mọ́ iṣẹ́ tí ọmọ kọ̀ọ̀kan máa kọ nǹkan sí, ẹ yan Make a copy for each student kí ẹ tó tẹ Assign. Tó bá jẹ́ Students can edit file lẹ yàn, gbogbo wọn á máa kọ sórí ìwé kan ṣoṣo: Túndé á kọ ìdáhùn, Bọ̀dé á pa á rẹ́. Lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá ti jáde, ẹ kò lè padà yan ẹ̀dà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan mọ́. Ẹ ó kàn pa iṣẹ́ náà rẹ́ kí ẹ tún un ṣe ni. Fún iṣẹ́ tí wọ́n máa kọ sínú ìwé, fọ́tò ti tó, kò sì jẹ dátà púpọ̀.

Ìkejì ni Turn in. Ọmọ á so fọ́tò mọ́ iṣẹ́ pẹ̀lú Add attachment, á rí i tó hàn níbẹ̀, á sì gbà pé ó ti dé ọwọ́ tíṣà. Kò tíì dé. Títí ó fi máa tẹ Turn in, iṣẹ́ náà kò tíì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, bí àkókò bá sì kọjá, Missing ni Classroom máa kọ sí i lára. Ẹ ṣe iṣẹ́ àkọ́kọ́ nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, pẹ̀lú fóònù yín, kí wọ́n rí bọ́tìnnì náà pẹ̀lú ojú wọn.

Bí ẹ bá ti fún iṣẹ́ ní máàkì, ọmọ kò ní rí i títí ẹ̀yin náà fi máa tẹ Return. Àwa náà ní Turn in tiwa.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: àkáǹtì kejì yín á ṣe iṣẹ́ náà látòkè délẹ̀, á ya fọ́tò, á tẹ Turn in, ẹ̀yin á fún un ní máàkì, ẹ ó tẹ Return, kí ẹ padà lọ wò ó bóyá máàkì ti hàn.

ÌGBÉSẸ̀ 7: Ọ̀RỌ̀ ÌKỌ̀KỌ̀

Bí ẹ bá fẹ́ fo ìgbésẹ̀ kankan, kó má jẹ́ èyí.

Abẹ́ iṣẹ́ kan ṣoṣo, ibi méjì ni ọmọ ti lè kọ̀rọ̀. Class comment wà lábẹ́ ìtọ́sọ́nà iṣẹ́, gbogbo kíláàsì ló sì ń kà á. Private comment wà níbi Your work, tí ọmọ máa fi ìka fà sókè láti ìsàlẹ̀ ojú fóònù kó tó rí i. Olùkọ́ nìkan ló ń kà á. Nítorí pé èyí àkọ́kọ́ ló ń kọ́kọ́ hàn, ibẹ̀ ni ọmọ tí kò mọ̀ máa kọ ọ́ sí pé, "Sà, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n lé mi nílé nítorí owó ilé-ìwé, mi ò lè ṣe iṣẹ́ náà." Ẹyin lohùn. Ẹ lè pa á rẹ́, ẹ kò lè pa á rẹ́ lọ́kàn àwọn tó ti kà á. Bó bá ṣẹlẹ̀, ẹ yọ ọ́ kíá, ẹ má dá a lóhùn níbẹ̀ rárá, kí ẹ kọ̀wé sí i ní ìkọ̀kọ̀.

Olùkọ́ náà ní ibi tirẹ̀. Ẹ ṣí iṣẹ́, ẹ lọ sí Student work, ẹ tẹ orúkọ ọmọ, ẹ kọ ọ́ sínú Add private comment. Ẹ sọ ohun tó ṣe dáadáa, kí ẹ sọ ohun kan tó máa tún ṣe. "Try harder" kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. "O to ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà nínú ọkàn dáadáa, ṣùgbọ́n o pàṣípààrọ̀ apá òsì àti apá ọ̀tún, wo àwòrán ojú ìwé náà lẹ́ẹ̀kan sí i, kí o tún un fi ránṣẹ́": ìyẹn ni ọmọ lè fi ṣiṣẹ́.

Ẹ wá gbọ́ ọgbọ́n tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo èyí. Classroom kò fún ọmọ ní ibi tó ti lè dá wá bá yín sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀ láìsí iṣẹ́ kankan nílẹ̀. Nítorí náà, ẹ ṣe iṣẹ́ kan tí kì í ṣe iṣẹ́:

1. Assignment tuntun, kí ẹ pè é ní "Bá tíṣà sọ ọ́".
2. Ẹ fi máàkì sí Ungraded, ẹ má yan ọjọ́ kankan.
3. Nínú ìtọ́sọ́nà, ẹ kọ: "Fa Your work sókè, kọ ọ̀rọ̀ rẹ sí private comment. Mo máa ń dáhùn láàárín aago 4 sí 6 ìrọ̀lẹ́."
4. Ẹ fi í sábẹ́ Topic tirẹ̀, kí ẹ gbé Topic náà sókè pátápátá ní Classwork.

Ọmọ tí kì í lanu nínú kíláàsì, ibẹ̀ lẹ ó ti gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹ pa àkókò ìdáhùn yín mọ́. Bí ẹ bá ń dáhùn ní aago mọ́kànlá alẹ́, aago mọ́kànlá alẹ́ ni wọ́n á máa kọ̀wé.

Ẹ fi olùkọ́ mìíràn kún un láti People, bí class teacher tàbí olùdámọ̀ràn ilé-ìwé. Òun náà á lè rí private comment, ẹ sì sọ fún àwọn ọmọ pé ó ń rí i. Ààbò ni fún ọmọ, ààbò ni fún ẹ̀yin náà. Bákan náà, bí ọmọ bá ní "Sà, ṣé mo lè bá yín sọ ọ́ lórí WhatsApp?", ẹ ní kó sọ ọ́ níbí tàbí kó wá sí staff room.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: àkáǹtì kejì á kọ private comment sí "Bá tíṣà sọ ọ́". Ẹ rí i pé ó dé ọ̀dọ̀ yín. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí ọmọ kan nínú kíláàsì ṣí iṣẹ́ kan náà lójú yín, kí ẹ fojú ara yín rí i pé kò rí ohun tí àkáǹtì kejì kọ.

ÌGBÉSẸ̀ 8: BÍ ẸNÌ KAN BÁ Ń DA STREAM RÚ

Lórí ọ̀rọ̀ tí kò dáa, ẹ tẹ àmì tóótòòtó mẹ́ta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ yan Delete. Kí ẹ tó pa á rẹ́, ẹ ya ojú fóònù ní fọ́tò bó bá jẹ́ èébú tàbí ìhalẹ̀, torí pírínsípà á fẹ́ rí i. Ẹ̀yin olùkọ́ ṣì lè padà rí ohun tí a ti pa rẹ́ bí ẹ bá tan Show deleted items nínú Settings lórí Chrome.

Tó bá tún ṣe é, ẹ lọ sí People, kí ẹ yan Mute lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀. Kò ní lè kọ nǹkan kan tí gbogbo kíláàsì máa rí mọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀, kó sì bá yín sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Ẹ má yọ ọmọ kúrò nínú kíláàsì nítorí ìbínú.

ÌGBÉSẸ̀ 9: ÀWỌN ÒBÍ

Lábẹ́ àkáǹtì ilé-ìwé, tí ẹni tó ń bójú tó o bá ti tan án, ẹ lè pe òbí láti People pẹ̀lú ímeèlì rẹ̀. Yóò máa gba àkójọ lójoojúmọ́ tàbí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: iṣẹ́ tí ọmọ kò ṣe, iṣẹ́ tó ń bọ̀, àti ohun tó ń lọ ní kíláàsì. Òbí gbọ́dọ̀ gbà á kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dé.

Ẹni tó ń lo Gmail tara rẹ̀ kò ní èyí. Ẹgbẹ́ WhatsApp àwọn òbí ni tiyín, kí ẹ sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ibẹ̀ mọ níwọ̀n: lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí, tán. Orúkọ ọmọ tí kò ṣe iṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ débẹ̀. Ẹ pe ìyá tàbí bàbá rẹ̀ lórí fóònù. Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá, tàbí kí ẹ fi ohùn sọ ọ́ fún àwọn tí kì í fẹ́ kàwé.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: nígbà tí ẹ bá tún pàdé òbí kan ní ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé, ẹ bi í pé iṣẹ́ wo ló wà nílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Bó bá lè dáhùn, ó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Tí sáà bá parí, ẹ tẹ àmì tóótòòtó mẹ́ta lórí kíláàsì náà, ẹ yan Archive, ẹ má ṣe yan Delete. Àwọn ọmọ á ṣì lè ka ohun tó wà nínú rẹ̀ nígbà tí WAEC bá dé, ẹnikẹ́ni kò kàn ní lè kọ nǹkan tuntun sí i mọ́.